Òtútù Ló Mú Sitirọ́bẹ́rì Alága

Bí ẹ bá gba Ballycoolin, ní Dublin, kọjá ní ọdún 2006, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó wọ agbádá, tó wá wọ jákẹ́ẹ̀tì yẹ́lò àwọn sikiọ́ríìtì lé agbádá náà lórí, ẹ kò ní láti béèrè ẹni tó jẹ́. Ó ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì náà fún yín: ALÁGA ÀGBÀ. Alhaji Kazeem Àdìnlẹ́wà ni. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ kò tíì dé Mẹ́kà, ṣùgbọ́n oyè náà ti ṣáájú lọ, ó ń dúró dè é níbẹ̀.

Nílé, ní Ìbàdàn, ọdún méjìlélógún ló fi ń lu òǹtẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀. Kò gbin ohunkóhun rí. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé nípa iṣu, ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo tó kọjá ní yàrá rẹ̀ tí òǹtẹ̀ rẹ̀ kò bà lé, nítorí náà ó gbà pé òun mọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ju àwọn tó ń fi ọkọ́ ṣe é lọ. Ní Dublin, ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí kan, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fún un ní jákẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó jẹ́ alága lé lórí kò tóbi. Ilé ọ̀rá kan ni, èyí tí wọ́n fi irin tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí wọ́n sì fi ọ̀rá funfun bò. Gígùn rẹ̀ kò ju ti bọ́ọ̀sì mẹ́ta lọ. Inú rẹ̀ ni àwọn obìnrin mẹ́wàá kan ti ń gbin sitirọ́bẹ́rì. Họ́sítẹ́lì tí ìjọba kó àwọn tó ń dúró de ìwé ìgbélùú sí ni wọ́n ti pàdé ara wọn. Ọdún mẹ́ta ni àwọn míì nínú wọn lò níbẹ̀, tí òfin kò gbà wọ́n láyè láti ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń jí, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ tí wọn kò sè, tí wọ́n sì ń sùn. Sitirọ́bẹ́rì yìí ni ohun àkọ́kọ́ tó jẹ́ tiwọn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe ní ilẹ̀ Ireland.

Ẹni tó ni ilẹ̀ náà jẹ́ òyìnbó kọ́lékọ́lé. Ní ọdún wọ̀nyẹn, àwọn ará Ireland ń kọ́lé bí ẹni pé ẹnì kan ti sọ fún wọn pé koríko kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù tó bá fi di ọjọ́ Jímọ̀. Ọkùnrin yìí ní ilẹ̀ púpọ̀ débi pé kò tíì ráyè dé orí èyí. Ó sọ fún àwọn obìnrin náà pé, "Ẹ lò ó fún ọdún kan. Mo máa wá wò ó ní Sátidé kejì oṣù Kẹfà. Bó bá dára, mo máa fún yín ní ìwé ọdún márùn-ún. Bí kò bá dára, ilé ni mo máa kọ́ síbẹ̀." Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Tyrrelstown pẹ̀lú ṣèlérí pé, bí ọjọ́ náà bá lọ dáadáa, lọ́wọ́ wọn ni àwọn yóò ti máa ra èso fún àwọn ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Nítorí pé Alhaji dàgbà ju gbogbo wọn lọ, tó sì fẹ́ràn ìpàdé, wọ́n ní kó jẹ́ alága. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Òfin àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé kí wọ́n fa ogún ìdí sitirọ́bẹ́rì tu ní àárín ilé ọ̀rá, kí àga òun lè rí ibi dúró sí. Òfin kejì ni pé ẹnikẹ́ni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ kí òun. Bí òun kò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n kí àga. Àwọn obìnrin náà ń kí àga, wọ́n sì ń fi kóòtù òjò wọn kọ́ sí i lẹ́yìn. Ó yan akọ̀wé kan, Mùílì, ọkùnrin tínrín kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa sọ pé "Ọ̀rọ̀ ńlá!" nígbàkígbà tí Alága bá mí.

Ní ìparí oṣù Karùn-ún, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejìlá, Màríàm wá kúnlẹ̀ níwájú àga, ó di nǹkan kan mọ́wọ́. Màríàm yìí nìkan ló ti bá sitirọ́bẹ́rì pàdé rí nínú gbogbo wọn, nítorí pé nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde, ó bá àgbẹ̀ òyìnbó kan ká a fún ọdún méjì ní apá àríwá Dublin.

"Ẹ káàárọ̀, Alága. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí, sà."

Alága na èso náà jìnnà sí ojú bí ẹni tó gba ìwé ìpè láti kọ́ọ̀tù. Apá kan rẹ̀ pupa, ó ń dán. Apá kejì ti rọ̀, irun kan tó dà bí eérú sì bò ó.

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ń bu ni, sà. Bó bá ti mú ẹyọ kan, kò ní pẹ́ mú ìyókù. Ẹ jẹ́ ká ṣí ẹnu ọ̀nà méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè gba inú ilé kọjá. Ká já gbogbo èyí tó ti bu, ká kó o jìnnà. Ká má sì bomi rin wọ́n láti òkè mọ́, ìdí wọn ni ká máa da omi sí."

"Ó parí?"

"Ó parí, sà."

Èyí dun Alága. Nínú ọdún méjìlélógún tó fi ṣiṣẹ́ ìjọba, kò rí ìṣòro kankan tí ìdáhùn rẹ̀ kò kún fáìlì kan. Ó pe ìpàdé pàjáwìrì.

Àwọn obìnrin mẹ́wàá dúró láàárín ìlà sitirọ́bẹ́rì. Alága dìde lórí àga, ó tún jókòó kí ó lè tún dìde dáadáa.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin èso tí ẹ ń gbọ́ mi! Mo ní ìbéèrè kan. Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù ní orílẹ̀-èdè yìí, kí ló ṣe yín?"

"Òtútù ni, sà," Mùílì dá a lóhùn.

"Kí lẹ sì ṣe?"

"A tilẹ̀kùn, sà. A tan híítà."

"Sitirọ́bẹ́rì wọ̀nyí ńkọ́? Wọ́n wà ní ìhòòhò! Òjò ń rọ̀ lé wọn lórí ilé, atẹ́gùn ń fẹ́ sí wọn lábẹ́, Màríàm tún ní ká ṣílẹ̀kùn! Ẹ gbọ́ o: irun tí ẹ ń rí yẹn, àìsàn kọ́. Òtútù ló mú wọn. Wọ́n ń wá nǹkan fi bora ni!"

"Ọ̀rọ̀ ńlá!"

Dorcas, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò gbé ilé, sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Alága, ibí ni wọ́n bí sitirọ́bẹ́rì wọ̀nyí sí o. Àwa la wá láti Ìbàdàn."

Àwọn obìnrin fi ọwọ́ bo ẹnu. Alága ní kí Mùílì kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ó wá pàṣẹ. Kí wọ́n ti ẹnu ọ̀nà méjèèjì, kí wọ́n fi téèpù lẹ gbogbo ibi tó lanu. Kí wọ́n gbé híítà méjì wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má já èso kankan dànù, ìbáà ní irun, ìbáà má ní, nítorí pé iye èso ni iyì ẹgbẹ́. Àti pé láràárọ̀, kí wọ́n fi rọ́bà omi wẹ̀ wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀ bí ìkókó, kí àlejò má bàa bá ìdọ̀tí lára wọn.

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí kì í ṣe àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á bá fẹ́ gbin èbu, ìyẹn irun eérú yẹn, tí kò fẹ́ kí sitirọ́bẹ́rì dí i lọ́wọ́, mi ò rí ìmọ̀ràn tó dára ju ti Alága lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó bá wọ ilé ọ̀rá náà ń rò pé òun ṣìnà wọ ilé ìwẹ̀ ni. Omi ń kán láti òkè. Alága wọlé, ìkùukùu bo awò ojú rẹ̀. Ó nù ún, ó sì rí sitirọ́bẹ́rì. Wọ́n ti bora dáadáa. Ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan, eérú ni gbogbo rẹ̀, àyàfi díẹ̀ tó ṣì pupa ní igun tí ọ̀rá ti ya díẹ̀, níbi tí téèpù kò dé.

Ọjọ́ Wẹ́sidé nìyẹn. Sátidé ku ọjọ́ mẹ́ta. Alága ti kọ ọ̀rọ̀ ìkíni olójú ewé mẹ́sàn-án. Ó ti ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sára pátákó kan. Ó jókòó lórí àga rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀gá ní kó mú fáìlì tó ti sọ nù wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ti ń ti ìrun àárọ̀ bọ̀, ó yà lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tọ́jú koríko ní pápá gọ́ọ̀fù. Pápá gọ́ọ̀fù pọ̀ ní Dublin nígbà náà ju ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà fún un ní ìgò oògùn kan tó ń pa èbu. Àwòrán koríko wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà pupa: koríko nìkan ni kí ẹ lò ó fún, ẹ má ṣe fín in sí ohun tí ènìyàn ń jẹ.

Alága ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ ìwé kà, a kò lè fi ìyẹn bú u. Ó wò ó pé koríko ní ewé, sitirọ́bẹ́rì náà ní ewé, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ pupa yẹn kàn gbàgbé ni. Ìgò ní kí wọ́n po ìdérí kan mọ́ korobá omi kan. Alága po ìdérí mẹ́rin. Ó fín in látòkè délẹ̀, Mùílì sì ń bá a di aṣọ agbádá mú.

"Ṣé kò ní pọ̀ jù, sà?" Mùílì béèrè.

"Mùílì, ṣé ẹgbẹ́ kékeré la jẹ́ ni?"

"Ọ̀rọ̀ ńlá, sà."

Nígbà tó fín in tán, ó kéde fún àwọn obìnrin pé òtútù ti lọ, kí wọ́n wá já àwọn tó hurun dànù, kí wọ́n fi àwọn tó pupa sílẹ̀. Ó yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n já a.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Màríàm gbálẹ̀ dé abẹ́ àga. Nígbà tí Alága gbójú sókè, ìgò ló rí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Alága, ẹ dákun, kí ni èyí, sà?"

"Fítámì ni."

"Àwòrán pápá gọ́ọ̀fù ló wà lára ẹ̀, sà."

"Fítámì gọ́ọ̀fù ni."

Màríàm kò rẹ́rìn-ín. "Mo rí àmì funfun lára àwọn ewé lánàá, mo rò pé eruku ni. Alága, àwọn ọmọdé ló ń bọ̀ wá jẹ ẹ́ lọ́la. Ní oko tí mo ti ṣiṣẹ́, bí a bá fín èyí tí òfin gbà pàápàá, a máa ń ka ọjọ́ kí a tó fọwọ́ kan èso. Èyí kì í ṣe ti èso rárá. Kò ní tán lára ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ fún àwọn àlejò pé èso wa bàjẹ́. Ká fi iṣẹ́ wa hàn wọ́n, ká fún wọn ní tíì."

"Kí onílẹ̀ wá bá ewé lásán? Kó gba ilẹ̀ rẹ̀ padà? Ṣé ó wù ọ́ kí o padà sí họ́sítẹ́lì, kí o máa jókòó ti fèrèsé?"

Ọ̀rọ̀ yìí bà á. Alága rí i lójú rẹ̀ pé ó bà á, inú rẹ̀ sì dùn sí ara rẹ̀. Màríàm wo ìlà sitirọ́bẹ́rì tí òun àti àwọn yòókù ti fi ìka wọn gbìn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mo ti gbọ́, sà," ló sọ, ó sì jáde.

Alága gbà pé ẹni tó bá ti sọ pé òun gbọ́ ti gbọ́ràn nìyẹn. Kò tiẹ̀ kíyè sí i pé ìgò náà bá a lọ.

Sátidé mọ́, oòrùn yọ, èyí tí Alága kà sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Onílẹ̀ dé nínú mọ́tò ńlá kan tó ga bí àjà. Àwọn ọmọ ilé ìwé dé, ọgbọ̀n wọn, pẹ̀lú olùkọ́ wọn. Wolé-wolé náà dé, obìnrin gíga kan tó wọ bàtà òjò, tí ìjọba rán láti máa wo èso tí wọ́n fẹ́ tà fún ilé ìwé. Alága mú ọmọ ọmọ rẹ̀ wá, Ameenah, ọmọ ọdún mẹ́fà, kó lè rí bàbá ńlá rẹ̀ nínú ògo. Alága ti jẹ mítípáì méjì, ó mú ẹ̀kẹta lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ ewé kìíní nínú mẹ́sàn-án.

Ó kí ìjọba Ireland. Ó kí ìjọba Nàìjíríà, tí kò sí níbẹ̀. Ó kí òjò, ó kí oòrùn, ó kí mọ́tò onílẹ̀. Nígbà tó dé ewé kẹrin, wolé-wolé na ọwọ́ sókè.

"Ẹ má bínú. Ṣé ẹ fín oògùn kankan sí wọn?"

"Madam," Alága dáhùn, "láti ọjọ́ tí a ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó kan àwọn èso yìí lára ni omi àti àdúrà mi."

"Ọ̀rọ̀ ńlá!" ni Mùílì wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jáde tán.

Wolé-wolé ní ó dára, òun yóò kó díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, èsì yóò jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì! Alága mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé ọdún márùn-ún yóò ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

Nígbà náà ni Màríàm yọ láti ẹ̀yìn, ó gbé àwo sitirọ́bẹ́rì kan dání. Kò gbé e lọ bá àwọn ọmọ. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú Alága, orúnkún méjèèjì nílẹ̀, ó sì kọ́kọ́ yíjú sí àwọn àlejò.

"Ní ilé wa," ó sọ fún wọn ní èdè wọn, "ẹni tó bá fún àlejò ní nǹkan ló máa ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀." Ó wá padà sí Yorùbá. "Alága, ẹ̀yin ni bàbá wa. Àwọn ọmọ ń dúró. Ẹ bá wa tọ́ ọ wò, sà."

"Ah, that's grand!" onílẹ̀ pàtẹ́wọ́. Gbogbo àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́.

Alága wo àwo. Àwo náà kún. Kò sí ẹni tó ti fi ọ̀wọ̀ tó báyìí bá a sọ̀rọ̀ rí, ọ̀wọ̀ kò sì tíì sú u rí bí ó ṣe sú u ní wákàtí yẹn.

"Mò ń gbààwẹ̀," ó wí.

Gbogbo ojú lọ sí mítípáì ọwọ́ rẹ̀.

"Ààwẹ̀ wo nìyẹn, Alága?" Dorcas béèrè. "Ààwẹ̀ oníyẹ̀fun?"

"Eyín... eyín ń dùn mí."

"Ó rọ̀, sà," Màríàm sọ. Kò dìde.

"Akọ̀wé yóò tọ́ ọ wò lórúkọ mi! Mùílì!"

"Sà, èmi ní ìtọ̀ ṣúgà, sà."

"Ìgbà wo lo ní ṣúgà?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, sà." Mùílì ti fi ẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Àwọn àlejò ti ń wo ara wọn. Ameenah rí i pé ojú ti ń ti bàbá ńlá òun, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ó fẹ́ràn bàbá yìí. "I'll do it for you, Grandad," ó wí, ó mú èyí tó tóbi jù nínú àwo, ó la ẹnu.

"Má jẹ ẹ́! Oògùn wà lára ẹ̀!"

Alága kò tíì sọ̀rọ̀ tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ rẹ̀ ti lu èso náà bọ́ sílẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun gbé ọwọ́ sókè. Ewé mẹ́sàn-án fò káàkiri ilẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú agbádá àti jákẹ́ẹ̀tì, ó di ọmọ náà mú. "Ṣé o ti lá a? Yọ ahọ́n ẹ. Yọ ọ́ kí n rí i." Ó ń fi etí agbádá nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà sì ń sunkún.

Màríàm dìde, ó da gbogbo àwo náà sínú àpò ìdọ̀tí, ó sì yọ ìgò láti inú báàgì rẹ̀ fún wolé-wolé.

Onílẹ̀ bi Màríàm pé, "Ṣé o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Láti àná. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe bàbá ní òpùrọ́ níwájú àlejò. Mo rò pé bí mo bá gbé e fún un, ó máa sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Bó bá tiẹ̀ gbé e sẹ́nu, mo máa gbá a dànù. Mi ò ní jẹ́ kí ọmọ kankan jẹ ẹ́." Ó nu orúnkún rẹ̀. "Mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ ṣeun tí ẹ wá."

Onílẹ̀ wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Èsì wolé-wolé dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Oògùn tó ṣẹ́kù lára èso náà jẹ́ irú èyí tí wọn kò gbọ́dọ̀ rí lára oúnjẹ rárá, ó sì pọ̀ débi pé wọ́n tún un wò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n rò pé ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́. Kí wọ́n fa gbogbo sitirọ́bẹ́rì tu. Kí wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè tún gbìn. Ìwé kejì dé tẹ̀ lé e, láti ọ̀dọ̀ onílẹ̀: ọdún márùn-ún, nítorí òótọ́ tí Màríàm sọ, ní orúkọ àwọn obìnrin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, pẹ̀lú ìlà kan nísàlẹ̀ pé kí ọ̀gbẹ́ni tó wọ jákẹ́ẹ̀tì má ṣe jẹ́ alága ohunkóhun lórí ilẹ̀ òun. Dorcas ka ìlà yìí sókè lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pè é dáadáa ni.

Wọ́n ṣèpàdé nínú yàrá kan ní Blanchardstown láti yọ Alága nípò. Alága ló darí ìpàdé náà, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó fi ogójì ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ nípa ìtàn ẹgbẹ́. Mùílì wá béèrè, láìgbójú sókè, pé kí àwọn tó fara mọ́ ọn kí Alága kúrò nípò nawọ́.

Láti ọjọ́ tó ti ń lọ sí ìpàdé, kò sí ohun tí wọ́n dìbò sí tí ọwọ́ Alhaji Kazeem Àdìnlẹ́wà kì í ṣáájú lọ sókè. Ọwọ́ náà lọ sókè. Ó wò ó níbi tó wà, ó sì wò yíká, ọwọ́ mọ́kànlá míì ló bá a níbẹ̀, ti Mùílì nínú wọn.

"Gbogbo wa pátá," Mùílì kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ta wá ni alága tuntun?" Alhaji béèrè.

"Kò sí," Màríàm dáhùn. "A máa bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn èyí tó wà nílẹ̀ tu lọ́la, aago méje. Ta ló ń bọ̀?"

Àwọn obìnrin ń dárúkọ ara wọn. Yàrá náà kún fún ariwo, ẹnì kan ń béèrè ta ló ní ìbọ̀wọ́ tó nípọn, òmíràn ń sọ pé bọ́ọ̀sì kì í tètè dé. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohùn tó ń bọ̀ láti iwájú.

"Aago mélòó lẹ wí?"

"Méje, bàbá," Màríàm dáhùn.

Ó dé ibẹ̀ ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wọ kóòtù òjò lásán. Dorcas nawọ́ korobá kan sí i. Ó gbà á, ó tún ọ̀fun ṣe, ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa korobá náà, ṣùgbọ́n Dorcas ti lọ sí ìlà kejì.